Bí Àwọn Òṣìṣẹ́ Òtẹ́ẹ̀lì Yín Yóò Ṣe Máa Dá Àrà Tuntun: Ìtọ́sọ́nà fún Olówó àti Máníjà

Obìnrin tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá 12 mọ̀ pé ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ń kán omi sórí báàgì àlejò. Ọkùnrin tó ń ṣí géètì mọ iye ọkọ̀ tó yí padà lálẹ́ àná nígbà tí wọ́n gbọ́ iye tí à ń gba yàrá. Ẹni tó ń fọṣọ mọ̀ pé tówẹ̀lì tuntun tí ọ̀gá rà wá láti Dubai kì í fa omi. Ọ̀gá nìkan ni kò mọ̀. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ yìí gọ̀ tàbí pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Wọ́n ti ṣírò ohun tó máa ná wọn bí wọ́n bá la ẹnu, wọ́n sì rí i pé dídákẹ́ ló dín owó jù.

Ẹni tó ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí tó ń darí ọ̀kan ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tí yàrá wọn wà láàárín ogún sí ọgọ́ta, irú èyí tó kún Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Òṣogbo àti Àkúrẹ́. Àwọn ńlá ńlá tó wà ní Victoria Island ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀yin ní ara yín, súpáfáísọ̀ méjì, àti akọ̀wé owó kan tó tún ń lọ ra ọjà. Ó tó.

Bí mo bá ní àrà tuntun, ẹ má ronú kan rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbé oúnjẹ kiri. Ọ̀nà tuntun èyíkéyìí tó bá mú kí àlejò sùn dáadáa, tó dín ìnáwó kù, tàbí tó mú kí iṣẹ́ yá, òun ni mò ń wí. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ méjì láti Netherlands, Jeroen de Jong àti Deanne den Hartog, pín irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí mẹ́rin: kí èèyàn kíyè sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kó ronú kan ọ̀nà àbáyọ, kó wá ẹni tó máa gbè é lẹ́yìn, kó sì sọ èrò náà di iṣẹ́. Nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì wa, ìkíní àti ìkejì kò wọ́n rárá. Ẹ lọ jókòó níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ọ̀sán, ẹ ó gbọ́ ọ lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ̀kẹta ni gbogbo rẹ̀ ti ń kú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ̀yin ọ̀gá ni wọ́n kàn, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá

Bí ẹ bá jẹ òṣìṣẹ́ ní owó oṣù méjì, ẹ pa èyí dé, kí ẹ lọ san án ná. Ẹni tó ń ronú owó ọkọ̀ tí yóò fi wá síbi iṣẹ́ lọ́la kò ráyè ronú bí aṣọ ìtẹ́lẹ̀ yóò ṣe tètè gbẹ. Láti oṣù Keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ́wọ́ òfin Nàìjíríà ti di náírà 70,000. Ẹ tún wo wákàtí iṣẹ́. Ẹni tó ti dúró níbi ìgbàlejò láti aago méje àárọ̀ àná, kò sóhun tí ẹ máa rí gbà lẹ́nu rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ òní ju kó máa yán lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ìbẹ̀rù kúrò nínú owó oṣù

Ẹ mú ìwé owó oṣù mẹ́ta tó kọjá jáde, kí ẹ wo gbogbo ibi tí ẹ ti gé owó. Gíláàsì tó fọ́. Tówẹ̀lì tó sọnù. Àlejò tó sá lọ láìsan owó ọtí. Oúnjẹ tí oníbàárà kọ̀. Ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, nǹkan kan kì í bàjẹ́ kí owó oṣù ẹnì kan má bá a lọ. Ta ni yóò wá dán ohun tuntun wò níbi tí gíláàsì kan tó bọ́ lọ́wọ́ ti lè gba owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta lọ?

Òfin pàápàá kò sí lẹ́yìn àṣà yìí. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ìpín karùn-ún rẹ̀, kò gbà kí agbanisíṣẹ́ máa gé owó òṣìṣẹ́ bí owó ìtanràn. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan baṣubàṣu tàbí tó jẹ́ pé àìbìkítà rẹ̀ ló fa àdánù, ẹ lè gé iye tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àpapọ̀ ohun tí ẹ bá sì gé lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Mélòó nínú àwa tó ń darí òtẹ́ẹ̀lì ló ti gba irú ìwé ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ rí?

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ pín àṣìṣe sí mẹ́ta, kí ẹ kọ ọ́ sójú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ sì kà á sétí gbogbo wọn ní Yorùbá. Àkọ́kọ́ ni olè àti irọ́. Kò sí àforíjì fún ìyẹn. Èkejì ni àìbìkítà tí a ti kìlọ̀ fún ẹni náà lé lórí. Ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ ni ti ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ohun tí èèyàn dán wò fún ire òtẹ́ẹ̀lì, tí kò wá bọ́ sí i. Kò sí ìjìyà, òtẹ́ẹ̀lì ni yóò gba àdánù náà mọ́ra, kìkì pé kí ẹni náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìgbà àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀kẹta yìí bá ṣẹlẹ̀ ni wọn yóò mọ̀ bóyá òótọ́ lẹ sọ. Gbogbo ojú ni yóò wà lára yín lọ́jọ́ yẹn.

Amy Edmondson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ṣe ìwádìí kan ní àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990. Ó lérò pé àwọn ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ tó mọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni àṣìṣe wọn lórí oògùn yóò kéré jù. Òdìkejì ló bá pàdé: àwọn gan-an ni àṣìṣe tó wà lákọsílẹ̀ wọn pọ̀ jù, nítorí pé àwọn ni kì í fi í pamọ́. Nítorí náà, bí ìwé àkọsílẹ̀ àṣìṣe òtẹ́ẹ̀lì yín bá mọ́ tónítóní, ẹ má tètè máa yọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn nínú yàrá tí wọ́n ń tún ṣe

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ni owó rẹ̀ sì kéré jù.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì kò fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì náà rí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fìdí kan etí rẹ̀, ìjà ni. Ẹ yan ọjọ́ tí yàrá máa ń ṣófo, bí alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ fún òṣìṣẹ́ kan ní yàrá kan láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Kó gba ojú géètì wọlé bí àlejò, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi ìgbàlejò, kó pe oúnjẹ alẹ́ láti inú yàrá, kó wẹ̀, kó sùn, kó sì jẹ oúnjẹ àárọ̀. Kì í ṣe àwọn tó ń wọ táì nìkan o. Ẹni tó ń fọṣọ, ẹni tó ń roko, dírẹ́fà, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ló kàn, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ó dáa?" Wọn yóò ní "Ó dáa, mà, ẹ ṣeun, mà," ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ohun mẹ́ta tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, àti ohun kan tí wọn ì bá yí padà ká ní ilé wọn ni. Ohun tí ẹ ó gbọ́ máa ń jọ èyí: ojú iná tí a ti ń ṣájì fóònù jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, èèyàn ní láti dìde nílẹ̀ kó tó lè wo aago, gílóòbù òkè ń tàn síni lójú gan-an béèyàn bá dùbúlẹ̀, omi tútù tó kún garawa kan yóò ti ṣòfò kí omi gbígbóná tó dé, kò sẹ́ni tó kọ nọ́ńbà tí a máa ń pè fún oúnjẹ síbi tójú ti lè rí i. Okùn iná gígùn kan, gílóòbù tí kò mọ́lẹ̀ jù, ìwé pélébé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù. Kò sí kọ́ńtírákítọ̀ nínú ìwọ̀nyí.

Ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí mo mọ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ tó lágbára jù. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún un. Ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ òun fúnra rẹ̀ mọ́jú. Nígbà tó jáde, ó béèrè pé, "Ọ̀gá, kí ló dé tó fi jẹ́ pé yàrá ẹ̀yìn la kọ́kọ́ máa ń fún àlejò, tí ti iwájú á sì ṣófo?" Wọ́n wádìí ẹ̀. Kò sí ìdí kankan ju pé bí kọ́kọ́rọ́ ṣe tò sára ògiri nìyẹn, ọwọ́ òsì ni ẹni tó wà níbi ìgbàlejò sì ti máa ń mú un. Wọ́n yí pátákó kọ́kọ́rọ́ padà lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìpàdé ìdúró, lójoojúmọ́, kó má pẹ́

Ritz-Carlton, ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tí Horst Schulze wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1983, máa ń kó òṣìṣẹ́ jọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba ẹ̀bùn Malcolm Baldrige tí ìjọba Amẹ́ríkà máa ń fún ilé-iṣẹ́ tó ta yọ, ní 1992 àti ní 1999. Ìpàdé ìdúró yìí kò nílò dọ́là. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, lórí ìdúró, nígbà tí àwọn tó ń wọṣẹ́ àti àwọn tó ń jáde bá pàdé.

Bí ẹ ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Bí súpáfáísọ̀ bá ní, "Ta ló ní àbá?", ilẹ̀ ni gbogbo wọn yóò máa wò. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí bí ìbéèrè bá yí padà:

"Ìyá Bísí, ẹ káàárọ̀ mà. Kí ni àlejò béèrè lọ́wọ́ yín lánàá tí ẹ ò rí fún un?"

"Áyọ́ọ̀nù ni. Ẹni mẹ́ta ló béèrè. Ọ̀kan ṣoṣo la ní, ó sì wà ní ibi ìfọṣọ, wọ́n ti tilẹ̀kùn."

"Kí lẹ rò pé ó yẹ ká ṣe sí i?"

"Ká gbé e sórí àjà kejì, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó bá wà lálẹ́."

Ó tán. Áyọ́ọ̀nù ti rìn láti ibi ìfọṣọ dé àjà kejì, kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní àrà, bẹ́ẹ̀ sì ni àrà ni.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí máníjà sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Gbogbo wa la mọ òwe Ilé-Ifẹ̀ tó ní ọmọdé gbọ́n, ṣùgbọ́n níbi ìpàdé, bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, ọmọdé á ní "bí wọ́n ṣe sọ yẹn náà ni." Ìtẹríba ni, kì í ṣe àìgbọ́n. Bí ẹ bá yí ètò ọ̀rọ̀ padà, kò sẹ́ni tó ní láti já àgbà kankan nírọ́.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ fa ìlà sí i ní ọ̀nà mẹ́rin: ọjọ́, orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ohun tó sọ, ìdáhùn àti ọjọ́ ìdáhùn. Ó pẹ́ tán, kí ìdáhùn dé láàárín ọjọ́ méje. "Rárá, torí pé owó kò tíì sí, ká tún wò ó ní oṣù Kẹta" jẹ́ ìdáhùn, wọn yóò sì gbà á. Ohun tí wọn kì í gbà ni kí ọ̀rọ̀ wọ ilẹ̀ ṣinṣin. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí èsì kò ní sọ ẹ̀kẹta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpótí àbá yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Mi ò tíì rí ibi tí ó ti wúlò. Eruku ló máa ń kún inú rẹ̀, àti ìwé tí wọ́n fi ń fẹ̀sùn kan súpáfáísọ̀. Ohùn lórí WhatsApp dára jù ú lọ, ní Yorùbá tàbí Pidgin, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ṣàlàyé wákàtí kan lẹ́nu lórí ohun tí wọn kò lè kọ ìlà méjì lé lórí ní Gẹ̀ẹ́sì. Kìkì pé kí ẹ má fi gbàgede WhatsApp yẹn kan náà bú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹ bá bú ẹnì kan níbẹ̀ ló di ibi "Noted, sir."

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fún wọn ní agbára díẹ̀ àti owó díẹ̀

Ohun tí wọ́n mọ Ritz-Carlton mọ́ jù láàárín àwọn elétò òtẹ́ẹ̀lì ni pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná tó dọ́là 2,000 lórí àlejò kan láti yanjú ìṣòro rẹ̀, láìbi máníjà. Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ti òyìnbó nìyẹn. Ẹ má wo iye náà. Ẹ wo gbólóhùn "láìbi máníjà."

Ẹ fi wé aago kan òru ní òtẹ́ẹ̀lì yín. Ọkọ̀ kan wọlé láti òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, gosiló ti tán wọ́n lókun, ọmọ kékeré kan ń sunkún ebi. Ilé ìdáná ti tì. Ọmọbìnrin tó wà níbi ìgbàlejò mọ̀ pé Indomie àti ẹyin wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí, ó sì mọ̀ ọ́n sè. Bí kò bá ní agbára, yóò ní, "Ẹ má bínú, sà, ilé ìdáná ti tì." Òótọ́ ló sọ. Àlejò náà kò sì ní padà wá mọ́. Bí ó bá ní agbára, àwo Indomie méjì yóò dé yàrá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ pé: Indomie mẹ́ta, ẹyin mẹ́rin, yàrá 9, ọmọ ń sunkún.

Fún òtẹ́ẹ̀lì tó ń gba nǹkan bíi náírà 35,000 lálẹ́ kan, èrò mi ni pé kí ẹni tó wà níbi ìgbàlejò lè lo tó náírà 5,000 lórí àlejò kan, kí ẹni tó ń tún yàrá ṣe lè lo 2,000. Ẹ kọ ohun tó lè jẹ́ sílẹ̀ fún wọn: oúnjẹ àárọ̀ ọ̀fẹ́, kí àlejò pẹ́ díẹ̀ nínú yàrá lẹ́yìn aago méjìlá, yàrá mìíràn bí ti àkọ́kọ́ bá ní ìṣòro, fífọ ṣẹ́ẹ̀tì kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán ni wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ óò máa yẹ ìwé náà wò ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Bí ẹnì kan bá lò ó ní ìlòkulò, ẹ pe òun nìkan. Ẹ má tìtorí ẹnì kan gba agbára náà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má bi wọ́n pé "Ta ló ní kó o ṣe é?" níwájú àlejò láé.

Ní Los Angeles, òtẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń jẹ́ Magic Castle Hotel. Kò tóbi, ilé rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Tẹlifóònù pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ wọn. Bí ọmọdé bá gbé e, ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun yóò gbé yìnyín dídùn lórí igi wá fún un nínú àwo fàdákà, ọ̀fẹ́. Òkìkí rẹ̀ ti kàn ju òtẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ lọ. Kí ẹ má ra tẹlifóònù pupa o! Ohun tó yẹ ká wò ni ohun tí àlejò tiwa ń wá kiri tí kò rí.

Mo rí àpẹẹrẹ tiwa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tún yàrá ṣe. Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn obìnrin tó wá ṣe òde máa ń jáde sí kọ́rídọ̀ pẹ̀lú gèlè nínú ọ̀rá, wọn a máa wá ẹni tó lè bá wọn wé e. Ó bá ẹnì kan wé e, ó bá èkejì, kò pẹ́ ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn wá a. Súpáfáísọ̀ bínú pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì jàre, torí yàrá mẹ́fà ṣì wà nílẹ̀. Máníjà pè é, ó béèrè ohun tó nílò. Ó ní dígí ńlá, píìnnì, áyọ́ọ̀nù àti àga méjì. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń kó garawa sí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi ẹlòmíràn sórí yàrá rẹ̀ láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá ní gbogbo Sátidé. Àwọn aláṣọ ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í gba yàrá níbẹ̀ nítorí gèlè. Nígbà Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo òtẹ́ẹ̀lì ìlú máa ń kún, ìlà máa ń gùn lẹ́nu yàrá garawa yẹn. Kò sẹ́nikẹ́ni nínú àwọn ọ̀gá tó lè ronú kàn án, torí kò sí èyí tó máa ń wà ní kọ́rídọ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé nínú wọn.

Ẹ kíyè sí ohun mìíràn nínú ìtàn yẹn: wọ́n gba yàrá kúrò lọ́rùn rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì tí ẹni tó bá mú àbá wá ti máa ń ṣe é mọ́ iṣẹ́ tó ti wà lọ́rùn rẹ̀ kò ní gbọ́ àbá mọ́ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ dán an wò ní kékeré, kí ẹ sì kà á

Kì í ṣe gbogbo àbá ló dára. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni kí a dán an wò ní àjà kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká mú iná, torí òun ló ń pa gbogbo wa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó yúnítì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225, kí wọ́n tó tún sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Ká ní ẹni tó ń tún yàrá ṣe sọ pé òun máa ń bá ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn nínú yàrá tí àlejò ti kúrò láti ọ̀sán, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gba gbogbo yàrá wọ̀nyẹn kọjá ní aago méjìlá láti pa á, kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá ń jẹ nǹkan bíi yúnítì kan ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́fà nínú yàrá òfìfo jẹ́ yúnítì mẹ́fà. Ní náírà 200, ó di 1,200. Yàrá mẹ́wàá, 12,000 lójúmọ́. Lóṣù kan, 360,000, ó ju owó oṣù ẹni márùn-ún tó ń gba 70,000 lọ.

Ìṣirò orí ìwé nìyẹn. Kí ẹ lè mọ òótọ́ rẹ̀, kí ẹnì kan ka mítà ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́, kó pín yúnítì sí iye yàrá tí ẹ tà, kó sì kọ iye lítà dísẹ́lì tí jẹnẹrétọ̀ jẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó yí nǹkan padà, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi Sátidé wé Sátidé, ẹ fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun wé ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òpin ọ̀sẹ̀ òde máa ń tan èèyàn jẹ.

Ìdánwò lè kéré tó ìwé pélébé. Ní Amẹ́ríkà, Noah Goldstein, Robert Cialdini àti Vladas Griskevicius gbé ìwádìí kan jáde ní 2008. Wọ́n fi oríṣi ìwé méjì sínú bàlúwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì láti rọ àlejò kí wọ́n tún tówẹ̀lì lò. Ọ̀kan ní kí wọ́n ran àyíká lọ́wọ́; èkejì ní ọ̀pọ̀ àlejò tó ń dé síbẹ̀ ló ń tún tówẹ̀lì lò. Nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba ti àkọ́kọ́, 44 gba ti èkejì. Tówẹ̀lì kan náà, òtẹ́ẹ̀lì kan náà. Ọ̀rọ̀ orí ìwé nìkan ló yàtọ̀, àwọn tó ń tún yàrá ṣe ló sì ń kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀. Èyí wà ní agbára òtẹ́ẹ̀lì yàrá ogún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ta ni wọ́n ń dárúkọ?

Ohun tó ń dun òṣìṣẹ́ ju àìrówó lọ ni kí súpáfáísọ̀ gbé àbá rẹ̀ lọ bá ọ̀gá bíi tara rẹ̀. Ìwé onílà mẹ́rin yẹn yóò dènà èyí, torí orúkọ ti wà níbẹ̀ kí súpáfáísọ̀ tó sọ̀rọ̀. Ẹ wọn súpáfáísọ̀ náà ní ọ̀nà mìíràn: àbá mélòó ló jáde láti abẹ́ rẹ̀? Kó jẹ́ ohun tí ẹ máa fi gbé e ga.

Lórí owó, bí àbá kan bá fi owó pamọ́, ẹ fún ẹni tó mú un wá ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ rí fi pamọ́ ní oṣù àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi irú rẹ̀ kan náà se oúnjẹ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Èkejì yìí ṣe pàtàkì. Láìsí i, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa sọ pé ó ń ṣe ojú ayé. Ẹ san án lọ́sẹ̀ náà, níbi ìpàdé ìdúró, kó má di ọjọ́ ọdún Kérésì. Fọ́tò "òṣìṣẹ́ tó pegedé jù lóṣù yìí" lára ògiri, mi ò rí i kó ru ẹnikẹ́ni sókè. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó ń yí kiri ni.

Ibi tí kò sí àyè fún àrà

Ẹ kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀ kí ó má bà a di àríyànjiyàn. Ọ̀nà àbájáde nígbà iná kò gbọdọ̀ di yàrá ìkẹ́rùsí, bó ti wù kí àyè ṣòro tó. Bí a ṣe ń tọ́jú ẹran àti ẹja nínú fíríjì, bí a ṣe ń so gáàsì, bí a ṣe ń ka owó: wọn kì í ṣe ohun tí à ń dán wò. Nọ́ńbà yàrá àlejò kì í jáde lẹ́nu òṣìṣẹ́, kódà fún ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ìyàwó. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá sì ní kí òun máa ya fídíò àlejò sórí TikTok láti polówó yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé Òfin Ààbò Ìsọfúnni wà láti ọdún 2023, kí ẹ ní kó ya oúnjẹ dípò àlejò.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Ẹ ṣí ìwé onílà mẹ́rin náà. Ẹ má ka iye àbá. Ẹ ka iye tí ìdáhùn wà níwájú rẹ̀, kí ẹ sì wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn ibi ìgbàlejò nìkan ló kún un, a jẹ́ pé àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ ṣì ń tẹ́tí sí. Ẹ lọ sí ibi ìfọṣọ lọ́sàn-án, ẹ bá wọn ká aṣọ ìtẹ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ bi wọ́n nípa tówẹ̀lì Dubai yẹn.